Ohùn Àgbà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Tún Ṣe

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa ọ̀dọ́ mélòó kan fi fóònù ṣe fídíò nípa ìtàn àdúgbò wa. Ariwo bo ohùn bàbá tó ń sọ̀tàn, ìmọ́lẹ̀ funfun ta sójú àwọn fọ́tò àtijọ́ tí a yà, fídíò náà sì gùn tó 40 ìṣẹ́jú. Kò sẹ́ni tó wò ó tán. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ má pa 40 ìṣẹ́jú yẹn rẹ́ rárá. Ẹ tọ́jú rẹ̀ bó ṣe wà, torí ọmọ tí a kò tíì bí lè rí ohun tí ẹ̀yin kò kà sí nínú rẹ̀. Èyí tí ẹ fẹ́ gbé jáde ló yẹ kó kúrú: ìṣẹ́jú 3 sí 5, lórí ohun kan ṣoṣo, bí afárá kan tàbí ọdún tí omi ya wọlé.

Ohùn ló ṣe kókó jù. Èèyàn á fara da àwòrán tó ṣú, ṣùgbọ́n bí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀, yóò kúrò níbẹ̀. Torí pé fóònù yín jìnnà sí bàbá ni ariwo fi borí. Ẹ gbé e sí nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 20 sí ẹnu rẹ̀, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí èémí má fẹ́ lù ú. Ẹ pa fáànù, ẹ fi fóònù sí airplane mode, kí ẹ sì yan yàrá tó ní kọ́tìnì àti tìmùtìmù. Ògiri lásán máa ń dá ohùn padà. Bí bàbá bá ń sọ̀rọ̀, ẹ mi orí, ẹ má dáhùn “hẹ́n-ẹ̀n”, torí kò ní ṣeé gé kúrò lórí ohùn rẹ̀. Kí ẹ tó dìde, ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Òun lẹ ó fi dí àlàfo nígbà tí ẹ bá ń gé ọ̀rọ̀.

Ní ti fọ́tò, flash àti gíláàsì ló fa ìmọ́lẹ̀ funfun yẹn. Ẹ pa flash, ẹ yọ fọ́tò kúrò nínú férémù (bó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ má fà á), ẹ tẹ́ ẹ sẹ́bàá fèrèsé tí oòrùn kò wọ̀ tààrà, kí kámẹ́rà sì dojú kọ ọ́ gan-an láti òkè. Ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni orúkọ àti ọdún sábà máa ń wà. Tí ẹ bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ WhatsApp yóò dín dídára rẹ̀ kù.

Bí àgbà méjì bá sọ ìtàn kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ fi méjèèjì síbẹ̀, kí ẹ sì sọ ẹni tó sọ èyí àti ẹni tó sọ tọ̀hún. Kí fídíò tó jáde, ẹ gbé e fún bàbá wò. Gbólóhùn tó bá ní kí ẹ yọ, ẹ yọ ọ́.