Karaoke nílé: ohùn mi ń pẹ́ kó tó jáde, kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. A ra tẹlifíṣọ̀n Android 43-inch, soundbar tó ń lo Bluetooth, àti máíkì aláìníwáyà méjì tó ní ríṣífà kékeré tí a ń kì bọ ojú USB lára tẹlifíṣọ̀n. Fídíò karaoke orí YouTube ni àwọn ọmọ àti ìyá wọn máa ń kọ tẹ̀lé lọ́jọ́ Sátidé. Bí ẹnikẹ́ni bá kọrin, ohùn rẹ̀ á pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, kò sì ní bá ìlù mu mọ́. Bí a bá gbé ohùn sókè, á máa han gooro. Dátà náà sì ń tán bí ẹní pọn omi sínú ajere. Ṣé soundbar yìí ni kò dára, kí n lọ ra èyí tó wọ́n jù ú lọ? (Olùkàwé kan, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó lórí soundbar mìíràn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe èyí tí ẹ ní. Ọ̀nà tí ohùn ń gbà ló jìn jù. Láti ẹnu, ó bọ́ sínú máíkì. Máíkì ta á sí ríṣífà. Ríṣífà gbé e gba ojú USB wọ inú tẹlifíṣọ̀n. Tẹlifíṣọ̀n á kó o jọ, á pò ó mọ́ orin, á tún un dì fún Bluetooth. Soundbar á gbà á, á tú u, kó tó wá sọ ọ́ jáde. Níbi Bluetooth nìkan, lórí ọ̀nà ìdìpọ̀ SBC tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé ń lò, ohùn sábà máa ń fi 150 sí 250 mílísẹ́kọ́ńdì ṣòfò. Ẹgbẹ̀rún mílísẹ́kọ́ńdì ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ó jọ pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró ní mítà mẹ́ta sí sípíkà, bíi mílísẹ́kọ́ńdì 9 péré ni ìró fi ń rìn dé etí rẹ̀. Bí ìdádúró bá ti kọjá nǹkan bí 30, ara akọrin ò ní balẹ̀ mọ́. Bó bá kọjá 100, á máa fa ọ̀rọ̀ gùn kó lè dúró de ohùn ara rẹ̀, orin á sì máa já sẹ́yìn ìlù.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá ń wo fíìmù. Ó ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ló kàn máa ń dá àwòrán dúró díẹ̀ kó lè bá ìró mu. Fíìmù ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ṣeé dá dúró. Ẹnu ẹni tó ń kọrin lọ́wọ́ kò ṣeé dá dúró. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ohun tí ẹ máa tẹ̀ nínú Settings tó máa yanjú rẹ̀, bó ti wù kí soundbar náà wọ́n tó.

Ohun tó máa yanjú rẹ̀ ni pé kí ohùn má gba inú tẹlifíṣọ̀n kọjá rárá. Ẹ jẹ́ kí orin gba ọ̀nà tirẹ̀, kí ohùn gba ọ̀nà tirẹ̀, kí àwọn méjèèjì pàdé nínú míksà (ẹ̀rọ tó ń pa ìró pọ̀), kí wọ́n sì jọ bọ́ sínú sípíkà láti orí wáyà. Orin lè pẹ́ tó bó bá ṣe fẹ́ kó tó kúrò nínú tẹlifíṣọ̀n, kò sí wàhálà, nítorí ohun tí akọrin bá gbọ́ ló ń tẹ̀ lé. Ọ̀rọ̀ orin tó ń yí àwọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n nìkan ló lè ṣíwájú tàbí kó rẹ̀yìn díẹ̀, ìyẹn sì wà lọ́wọ́ yín: nínú ètò ìró tẹlifíṣọ̀n, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ AV Sync, Lip Sync tàbí Audio Delay sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tí Daisuke Inoue ṣe ní Kobe, ní ilẹ̀ Japan, lọ́dún 1971 ṣe rí: téèpù àti máíkì lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, kò sí tẹlifíṣọ̀n láàárín wọn.

Míksà kékeré tó ní ojú mẹ́rin tó, bó bá ṣe pé ó ní ẹ́kò nínú, tí wọ́n máa ń kọ FX tàbí ECHO sí lára. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é dáadáa, ẹ ra máíkì oníwáyà tí wọ́n ń pè ní dynamic, onígbọ̀ọ́ iwájú, tó jẹ́ pé iwájú rẹ̀ ló ti ń gbọ́ jù (wọ́n máa ń kọ cardioid sí ara páálí rẹ̀). Kò nílò bátìrì, ó sì máa ń fara da ìṣubú ju àwọn yòókù lọ. Máíkì aláìníwáyà yín ṣì wúlò bí ríṣífà rẹ̀ bá ní ẹnu tó nípọn, 6.35 mm, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ míksà. Bó bá jẹ́ USB nìkan ló ní, kò lè wọ míksà. Ẹ tọ́jú rẹ̀ o, a máa lò ó nísàlẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa so wọ́n nìyí. Láti ihò headphone tẹlifíṣọ̀n (3.5 mm), ẹ lo wáyà tó pín sí ẹnu méjì lápá kejì, ọ̀kan fún òsì, ọ̀kan fún ọ̀tún, kí ẹ kì wọ́n bọ ojú stereo lára míksà, èyí tí wọ́n kọ L àti R sí. Níbí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n á ra wáyà tí ẹnu rẹ̀ lápá míksà jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, olórùka méjì, wọ́n á kì í bọ ojú máíkì. Orin á jáde, àmọ́ á ṣófo: olórin tó ń ṣáájú á pòórá, ìró ìlù tó wúwo á lọ, ìdún etí-etí nìkan ló máa ṣẹ́ kù. Wáyà náà kò bàjẹ́. Irú ojú bẹ́ẹ̀ máa ń fi ohun tó wá láti ọ̀tún yọ ti òsì kúrò, gbogbo ohun tó bá sì dọ́gba níhà méjèèjì á pa ara rẹ̀ rẹ́.

Bí tẹlifíṣọ̀n yín kò bá ní ihò headphone, tó jẹ́ optical tàbí HDMI ARC ló ní, ẹ máa nílò ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ìró optical tàbí ti ARC di ti wáyà RCA pupa àti funfun. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti so ó, ẹ wọ ètò ìró, ẹ yan PCM níbi Digital Output. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ sórí Auto tàbí Dolby, ẹ̀rọ náà kò ní gbọ́ èdè rẹ̀: yálà kó dákẹ́ tàbí kó máa pariwo bí òjò orí páànù.

Láti míksà, ẹ gbé MAIN OUT lọ sí AUX soundbar, ìyẹn ihò tó ń gba ìró láti orí wáyà. Ẹ yẹ ẹ̀yìn soundbar wò kí ẹ tó ra ohunkóhun, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tuntun kò ní AUX mọ́. Bó bá ní in, ẹ pa Surround, Movie àti irú wọn, kí ẹ fi í sórí Standard tàbí Music, nítorí àwọn ètò yẹn náà máa ń jẹ àkókò. Bí kò bá ní in, sípíkà kan tó ní ẹ̀rọ agbóhùnsókè nínú ara rẹ̀, inch 8 tàbí 10, ló yẹ kí ẹ ra, owó yín ò sì ní ṣòfò. Èmi gan-an gbà pé irú rẹ̀ sàn fún orin kíkọ ju soundbar lọ, torí fíìmù ni wọ́n ṣe soundbar fún. Ẹ má tún fi Bluetooth so míksà mọ́ ohunkóhun. Ibi tí ẹ ti kúrò náà ni ẹ padà sí yẹn.

Ẹ tan míksà ṣáájú, sípíkà kẹ́yìn. Tí ẹ bá ń pa wọ́n, sípíkà ni kó kọ́kọ́ kú. Bọ́tìnnì 48V, ẹ pa á: kò ṣiṣẹ́ kankan fún máíkì dynamic, ó sì lè ba ríṣífà aláìníwáyà jẹ́. Ẹ rẹ ohùn sílẹ̀ pátápátá, kí ẹni tí ohùn rẹ̀ le jù kọrin bó ṣe máa ń kọ ọ́, kì í ṣe "hello, hello" o. Ẹ máa yí GAIN sókè díẹ̀díẹ̀ títí iná pupa PEAK á fi ṣẹ́jú, kí ẹ dá a padà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ tẹ LOW CUT bó bá wà. Ariwo ọwọ́ lára máíkì àti ìró fùù ti èémí ni yóò gé kúrò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé ohùn sókè, kí ẹ sì bu ẹ́kò díẹ̀ sí i. Ti tẹlifíṣọ̀n, ẹ fi í sí bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí ẹ gba rímóòtù lọ́wọ́ àwọn ọmọ.

Ní ti híhan gooro: máíkì ló ń gbọ́ ohun tí sípíkà ń sọ, ó dá a padà, sípíkà tún sọ ọ́, wọ́n á sì máa yí po. Ẹ̀yìn máíkì onígbọ̀ọ́ iwájú ni etí rẹ̀ ti di, nítorí náà ẹ̀yìn yẹn ló yẹ kó kọjú sí sípíkà. Kí akọrin dúró lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, kì í ṣe iwájú rẹ̀. Kó gbé máíkì sí ẹnu tó bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí márùn-ún. Bó bá ti gbé e jìnnà, ẹ máa ní láti gbé ohùn sókè, híhan á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n yé fi ọwọ́ bo orí máíkì bí àwọn tó ń kọ rap ṣe ń ṣe nínú fídíò. Àwọn ihò tó wà nísàlẹ̀ orí rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ dití. Bí ọwọ́ bá dí wọn, ibi gbogbo ni yóò máa gbọ́. Ẹ pa máíkì tí ẹnikẹ́ni kò lò. Pálọ̀ tó jẹ́ táìlì nílẹ̀, POP lókè, gíláàsì ní fèrèsé máa ń ta ìró padà púpọ̀. Kápẹ́ẹ̀tì kan àti kọ́tìnnì tó nípọn máa ń ṣe iṣẹ́ tí ẹni tí kò tíì dán an wò kò ní gbà gbọ́.

Bí ẹ bá gbọ́ ìró "hùùù" tí kò dáwọ́ dúró, ẹ so tẹlifíṣọ̀n, míksà àti sípíkà mọ́ ojú iná kan náà, lórí extension kan. Ẹ má gé ẹsẹ̀ earth kúrò lára plug láé. Inverter olówó pọ́ọ́kú, tí kì í ṣe pure sine wave, náà máa ń dún "bísíí" nínú sípíkà, kò sì sí wáyà tó máa gbà á. Tí ẹ bá fẹ́ yí láti NEPA sí jẹnẹrétọ̀, ẹ pa sípíkà ná.

Èwo wá ni ti ríṣífà USB tí mo ní kí ẹ tọ́jú? Eré karaoke tó ń fún èèyàn ní máàkì ni. Irú eré bẹ́ẹ̀ ní láti gbọ́ ohùn fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni USB ti wúlò, lórí kọ̀ǹpútà bí ẹ bá ní in. UltraStar Deluxe jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ sì lè sọ fún un iye mílísẹ́kọ́ńdì tí máíkì ń fi pẹ́, kó lè yọ ọ́ kúrò kó tó fún yín ní máàkì. Bí ohùn ṣe ga tàbí ṣe rẹlẹ̀ ló ń wọ̀n. Kò mọ ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ, kò sì bìkítà bóyá bàbá fi ohùn ìsàlẹ̀ kọ orin tí ọmọ fi ohùn òkè kọ. Ẹni tó bá kùn orin láì mọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ lè na ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀, ìjà sì ti ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ó ku dátà. Fídíò tó ń fa 3 Mbps á jẹ bíi 1.35 GB ní wákàtí kan. Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé HD lè jẹ tó 3 GB, 4K tó 7 GB. Ọ̀rọ̀ orin lórí àwọ̀ búlúù kò nílò ìyẹn rárá. Ẹ tẹ àmì jíà lórí fídíò, ẹ yan 480p tàbí 360p. Orin kan náà tí àwọn ọmọ pè nígbà mẹ́wàá lè jẹ dátà nígbà mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ sì rò pé bí àwọn bá "cast" láti fóònù, fóònù ló ń gbé e. Tẹlifíṣọ̀n ló ń lọ fà á fúnra rẹ̀ láti íntánẹ́ẹ̀tì, rímóòtù lásán ni fóònù. Àwọn orin tí ẹ kì í yé kọ, ẹ ra fáìlì MP3+G wọn (MP3 ni orin, CDG ni ọ̀rọ̀ orin tó ń hàn lójú tẹlifíṣọ̀n): orin ìṣẹ́jú mẹ́rin lè má ju bíi 6 MB lọ. Ẹ kó wọn sórí fláàṣì kan, kí fáìlì MP3 àti CDG jọ wà nínú fódà kan náà, kí orúkọ wọn sì bára mu, kí ẹ wá kọ́kọ́ dán ọ̀kan wò bóyá áàpù VLC lórí tẹlifíṣọ̀n Android yín lè ṣí i.