Ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni láti dá abẹ́rẹ́ dókítà dúró?

Ìbéèrè: Ìyá wa wà ní wọ́ọ̀dù ní ilé ìwòsàn kan n'Ílọrin. Ẹsẹ̀ ló wú, ó sì ń ṣọyún. Dókítà kọ abẹ́rẹ́ ceftriaxone, oògùn apakòkòrò, nọ́ọ̀sì ní òun á kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì yìí kan náà ló ní kí dókítà wò ó bóyá oògùn oníhóró lè rọ́pò abẹ́rẹ́. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ dín ìtọ́jú kù? (Òǹkàwé kan, Ọ̀ffà)

Ìdáhùn: Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ló ń ṣe, ẹ má bínú sí i. Dókítà ló ń kọ oògùn, àmọ́ ọwọ́ nọ́ọ̀sì ló ń gbà wọ ara aláìsàn.

Ẹ̀jẹ̀ yẹn, wọ́n fẹ́ hu kòkòrò inú rẹ̀ ni, kí wọ́n lè mọ oògùn tó kápá rẹ̀. Bí antibáyótíìkì (oògùn apakòkòrò) bá ti wọlé ṣáájú, kòkòrò lè má hù mọ́, èsì á ní kò sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. Dókítà á wá máa fún un ní oògùn tó ń pa oríṣiríṣi kòkòrò ṣáá. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á fi sípíríìtì nu awọ ara, á jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, á wá gún iṣan tuntun, kì í ṣe pé kó fà á láti ojú kánúlà (ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n fi sínú iṣan) tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí kò bá jẹ́ kó gbẹ, kòkòrò orí awọ lè hù nínú ìgò, wọn á sì máa tọ́jú àrùn tí kò sí. Fún àgbàlagbà, mílílítà 8 sí 10 ni ìgò kan ń gbà, wọn kì í sì í gbé e sínú fíríìjì. Àmọ́ bí àìsàn bá ti le gan-an, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń lọ sílẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ń dàrú lẹ́nu, oògùn gbọ́dọ̀ wọlé láàárín wákàtí kan. Bí iṣan bá ṣòro rí, wọn ò ní torí ẹ̀jẹ̀ dúró.

Bí wọ́n bá bi yín ní oògùn tí kì í bá ìyá lára mu, ẹ má kàn ní "pẹnisílíìnì". Ẹ sọ ohun tó ṣe é. Bó bá jẹ́ inú rírun lásán ni, ìyẹn ò tó ìdí láti sá fún oògùn. Ètè tó wú, ara tó sú, èémí tó há, ìyẹn lewu.

Ti ọjọ́ kẹta wá ńkọ́? Ní tiwa níbí, ẹni tí wọn ò gún lábẹ́rẹ́ gbà pé wọn ò tíì tọ́jú òun. Ṣùgbọ́n láàárín wákàtí 48 sí 72, ó yẹ kí wọ́n tún oògùn yẹ̀ wò. Bí ibà bá ti lọ, tó ń jẹun tí kò bì, tí wíwú ẹsẹ̀ ń lọ sílẹ̀, oníhóró tó péye á ṣiṣẹ́ náà, ojú kánúlà tí kòkòrò tún lè gbà wọlé á sì dí. Àrùn egungun tàbí ti ọpọlọ lè nílò abẹ́rẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì kì í dá yí i padà. Ó ń rán dókítà létí ni.

Bí oníhóró bá jẹ́ wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ, aago 6 àárọ̀, 2 ọ̀sán, 10 alẹ́ ni. Ẹni tó ń fi ìrun ṣe àmì lè lo Àsùbáà àti Àílà, ṣùgbọ́n Ìṣáì ti yá jù fún ti aago 10. Bí ìyá bá ń gbààwẹ̀, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kó bá dókítà wá èyí tó bá a mu. Bó bá jẹ́ ciprofloxacin ni wọ́n kọ, ẹ má fi wàrà tàbí mílíìkì gbè é: kálísíọ̀mù inú wọn ń so mọ́ oògùn nínú ikùn, kò ní wọnú ẹ̀jẹ̀ tó. Kó lo oògùn ní wákàtí 2 ṣáájú wàrà, tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ má ra kápúsù kún un ní ọjà Ìpàtà. Kí nọ́ọ̀sì kọ ọjọ́ tí oògùn yóò parí sára páálí rẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, bí ibà bá sì padà tàbí tí pupa ẹsẹ̀ ń gùn sókè, ẹ gbé ìyá padà lọ́jọ́ náà.