Ṣé eré tí Michael Jackson ṣe níwájú èrò ni wọ́n fi ṣe fíìmù This Is It?

Rárá o, ìgbáradì ni. Eré 50 ló fẹ́ ṣe ní O2 Arena ní Lọ́ńdọ̀nù láti oṣù Keje ọdún 2009, àmọ́ ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà, kí ìkankan tó wáyé. Fídíò tí wọ́n yà bí wọ́n ṣe ń dánra wò ní Los Angeles ni Kenny Ortega, tó ń bá a darí eré náà, fi ṣe fíìmù tó jáde ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá. Ibi tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ibi tí Michael ti ń ṣàlàyé fún oní-kíbọ́ọ̀dù bó ṣe fẹ́ kí orin rọra máa bọ̀. Láwọn ibòmíì, kì í kọrin tagbáratagbára. Ó ń tọ́jú ohùn rẹ̀ de Lọ́ńdọ̀nù ni.