Èsì: Ìyàwó mi ní òun ò bá mi gun kẹ̀kẹ́ lọ sórí òkè mọ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tó bá jẹ́ pé fífi tẹ́ ẹ̀ ń fi í sílẹ̀ sẹ́yìn ló ń bí i nínú, ẹ jẹ́ kó máa ṣíwájú.

Èmi náà ṣe é rí fún ìyàwó tèmi ní Swinley Forest, igbó kan tí wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Màá dúró dè é lókè. Bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ dé báyìí, ẹsẹ̀ mi ti wà lórí pẹ́dàlì. Èmi ti sinmi, òun ò sinmi! Ní báyìí, òun ló ń sọ pé "ó yá".

Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé àti búlúù, àwọn tó rọrùn, ni mò ń sọ o. Tó bá jẹ́ pupa, èyí tó le, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣíwájú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kó lè rí ibi tí táyà yín gbà. Kẹ́ ẹ sì bá a rẹ ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀.