Gìgísẹ̀ tó ń dùn láàárọ̀: ìsinmi nìkan kọ́ ló wò ó

Àbúrò, o ní bí o bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, àfi bíi kí o tẹ ìṣó. Tó bá yá á rọlẹ̀, o sì tún ń sáré. O wá ń béèrè bóyá kí o sinmi ọ̀sẹ̀ méjì, torí o ti forúkọ sílẹ̀ fún Lagos City Marathon.

Oṣù 11 ni mo fi jẹ ìrora yìí gan-an. Mo sinmi, ó lọ. Mo padà sórí títì, ó padà.

Ìwọra ló kó mi sí i. Kìlómítà 15 ni mo ń sá lọ́sẹ̀. Láàárín oṣù kan mo ti sọ ọ́ di 40. Iṣan nípọn kan wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, láti egungun gìgísẹ̀ títí dé ìdí àwọn ọmọ ìka. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún un, ibi tó ti so mọ́ gìgísẹ̀ ló ń jìyà. Lóru, tí a ò tẹ̀ ẹ́, ó máa ń gan, ìdí nìyẹn tí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ fi ń dùn jù. Tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá tún le, wàhálà náà á pọ̀ sí i.

Mo fi àbóníkí ra á títí. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ ní gìgísẹ̀. Ó fúyẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo bẹ́ sí títì, ó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. X-ray fi egungun ṣóńṣó kan hàn níbẹ̀, ẹ̀rù bà mí gan-an. Má jẹ́ kí ìyẹn bà ọ́ lẹ́rù: ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní in tí kò sì dùn wọ́n rárá.

Ohun tó gbà mí ni orí àtẹ̀gùn. Ká aṣọ ìnura sábẹ́ àwọn ọmọ ìka kí wọ́n lè tẹ̀ sókè, jẹ́ kí gìgísẹ̀ yọ síta, di ògiri mú. Gbé ara sókè pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan, ka 3. Dúró níbẹ̀, ka 2. Sọ̀ kalẹ̀, ka 3. Ìgbà 12, sinmi, lẹ́ẹ̀mẹta. Bí mo bá ṣe é lónìí, n kì í ṣe é lọ́la. Nígbà tó rọrùn, mo kó ìwé sínú báàgì gbé sẹ́yìn. Oṣù méjì kọjá kí n tó rí ìyàtọ̀, jọ̀ọ́ má tètè jáwọ́.

Má fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí táìlì nílé. Sálúbàtà tó nípọn ni kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí o sì fọwọ́ fa ọmọ ìka sọ́dọ̀ ara rẹ díẹ̀ kí o tó sọ̀ kalẹ̀.

Bàtà ńkọ́? Tòkunbọ̀ tí mo rà ní Yábàá dán lójú, àmọ́ fóòmù inú rẹ̀ ti kú. Tuntun pàápàá, kìlómítà 500 sí 800 ló sábà máa ń gbé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí o lọ rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí àyè tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò ọwọ́ sì ṣẹ́ kù níwájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èékánná á dúdú.

O lè máa sáré o, àmọ́ àárọ̀ ọjọ́ kejì ni kí o fi wọ̀n ọ́n. Bí kò bá dùn ju ti àná lọ, má yí iye tí ò ń sá padà. Bó bá dùn jù ú lọ, dín in kù.

Tó bá jẹ́ ojú kan pàtó lórí egungun ló ń dùn, tó ń dùn lóru tí o ò tilẹ̀ dìde, dá eré dúró kí o lọ rí dókítà; egungun lè ti sán, X-ray àkọ́kọ́ sì lè má fi hàn. Bí o bá sì ní ìtọ̀ ṣúgà, má fọwọ́ ara rẹ tọ́jú ẹsẹ̀ yẹn rárá, ì báà jẹ́ ìléròrò kékeré lásán.

Ọ̀sẹ̀ mélòó ló kù? Bó bá jẹ́ kìlómítà 42 lo kọ, bi àwọn tó ṣètò eré náà bóyá wọ́n lè gbé ọ sí kìlómítà 10.