Czech gé "us" dànù, Latvia kò gé e

Àbúrò mi, o ní ìwé ìwádìí lórí mẹ́dọ̀wú lò ń kó jọ. O tẹ "virus" láti wá a nínú ìwé tí wọ́n fi èdè Czech kọ, díẹ̀ ló gbé jáde, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ fáírọ́ọ̀sì kún inú ìwé náà bámúbámú. Kò sí ohun tó ṣe kọ̀ǹpútà rẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ka èsì àyẹ̀wò ní Brno nílẹ̀ Czech kí n tó kọjá sí Riga ní Latvia, ojú mi sì rí màbo lórí ọ̀rọ̀ kékeré yìí.

Látìnì ni wọ́n ti yá a. Oró ló túmọ̀ sí níbẹ̀, kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo. Èdè Czech àti ti Latvia sọ ọ́ di akọ, àmọ́ ọ̀nà pínyà níbẹ̀.

Ìrù Látìnì lásán ni Czech ka "us" sí. Bí iṣẹ́ ọ̀rọ̀ náà nínú gbólóhùn bá ti yí padà báyìí, wọ́n á gé e: viru, virem. Bó bá pọ̀, ó di viry, virů. Nítorí náà "vir" ni kí o tẹ̀, kí o sì fara da "virtuální" àti irú rẹ̀ tí yóò bá a jáde. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ onírú "us" ni wọ́n ń gé o: cirkus di cirkusu ní tirẹ̀. Àwọn Slovak tó múlé tì wọ́n gan-an kì í gé ti fáírọ́ọ̀sì. Vírus, vírusu ni tiwọn.

Latvia mú "us" mọ́ ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀, ó tún wá fi "s" tirẹ̀ lé e: vīruss, vīrusa, vīrusam. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni vīrusi. Síbẹ̀ Latvia yìí kan náà gé organismus ti Látìnì sí organisms. Orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wàá ti kọ́ ọ, kò sí ọ̀nà àbùjá.

Ibi tó léwu jù nìyí. Bí o bá gbé àṣà gígé ti Czech lọ sí Latvia, ènìyàn lo máa bá pàdé. Vīrs ni ọkùnrin, òun náà ni ọkọ ìyàwó, vīri sì ni àwọn ọkùnrin. "Redzu vīrusu": mo rí fáírọ́ọ̀sì. "Redzu vīrus": mo rí àwọn ọkùnrin. Torí náà, bí o bá tẹ "vīrus" láti wá fáírọ́ọ̀sì, gbogbo rẹ̀ ló máa jáde, ṣùgbọ́n yẹ èyí tó dá dúró láìsí nǹkan kan lẹ́yìn wò dáadáa.

Àmì orí lẹ́tà náà ńkọ́? Latvia fẹ́ ẹ lórí ī. Czech kò fẹ́ ẹ rárá níbí: viru ni ti fáírọ́ọ̀sì, víru lè jẹ́ ti ìyípo omi tàbí ti ìgbàgbọ́. Àwa tí a mọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò yẹ ká tún máa bá ara wa jiyàn lórí èyí. Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́ àmì kúrò nínú àkójọ rẹ kí ó lè "rọrùn fún ẹ̀rọ".

Fún mẹ́dọ̀wú gan-an, "virus hepatitidy B" ni Czech ń kọ. Latvia yí i po: "B hepatīta vīruss". Kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú ìrísí onínìí rẹ̀ (èyí tó ń sọ "ti fáírọ́ọ̀sì") lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, virus/viru, vīruss/vīrusa. Láti ibẹ̀ ni wàá ti mọ ohun tó yẹ kí o tẹ̀.