Palau ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí Chuuk dúró ná

Ẹ ní ẹ ti mòòkùn nígbà 22, ẹ sì fẹ́ mọ èyí tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ lọ nínú Palau àti Chuuk, àwọn erékùṣù inú Òkun Pàsífíìkì, àti oṣù tó dára jù. Palau ni. Ẹ lọ láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin, nígbà tí òjò máa ń dínkù. Ohun tí ojú mi rí ní Chuuk ló jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ rò ó fún yín dáadáa, nítorí àwọn tó ń ta ìrìn àjò náà kì í sọ ọ́.

Àwọn ọkọ̀ ojú omi Japan tí ọkọ̀ òfuurufú ogun Amẹ́ríkà rì ní ọjọ́ 17 àti 18 oṣù Kejì ọdún 1944 ló ń fa ènìyàn lọ síbẹ̀. Ó lé ní 40 ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ọ̀sà náà. Fujikawa Maru kò nira: ó dúró ṣánṣán, òkè rẹ̀ kò jìn, àwókù ọkọ̀ òfuurufú ogun sì wà nínú rẹ̀. San Francisco Maru ni kò yẹ kí n sún mọ́. Nǹkan bíi mítà 50 ni òkè rẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ mítà 40 ni òpin tí wọ́n fi lélẹ̀ fún àwa tí a ń mòòkùn fún ìgbádùn. Ẹni tó ń darí wa ní kò séwu, mo sì gbà á gbọ́.

Bí a bá ti ń lọ sísàlẹ̀, omi ń tẹ̀ wá sí i, náítírójìn inú afẹ́fẹ́ tí a ń mí sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá ara. Bí a bá gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yóò gba inú ẹ̀dọ̀fóró jáde. Ṣùgbọ́n bí a bá sáré gòkè, tàbí tí a wọ ọkọ̀ òfuurufú kí ó tó jáde tán, yóò hó nínú ara gẹ́gẹ́ bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ṣí lójijì. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi mòòkùn léraléra. Nítorí pé ọkọ̀ òfuurufú kì í ti Chuuk gbéra lójoojúmọ́, wákàtí 15 péré lẹ́yìn tí mo jáde nínú omi kẹ́yìn ni mo wọkọ̀. Olùdarí wa ní wákàtí 12 ti tó. Ẹni tó mòòkùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni wákàtí 12 wà fún. Ẹni tó ti ṣe é fún ọjọ́ púpọ̀ gbọ́dọ̀ dúró fún wákàtí 18 ó kéré tán, ẹni tó bá sì lọ jìn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní láti dúró lójú ọ̀nà kí ó tó lè gòkè gbọ́dọ̀ jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Inú ọkọ̀ òfuurufú ni èjìká òsì mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí bíi pé mo ru ẹrù láti àárọ̀. Kí a tó balẹ̀, ìka mi ti kú, n kò lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù mi. Dókítà tí mo kọ́kọ́ lọ bá kò fọwọ́ kàn mí. Ó ní àpótí tí mo gbé ló fà á, ó fún mi ní oògùn ara ríro, ó sì ní kí n lọ sùn. Mo sọ fún un pé mo ti inú òkun dé, kò fetí sí i. Òru méjì ni mo fi jẹ ìrora nítorí rẹ̀, inú sì ń bí mi títí di òní, nítorí ọ́síjìn gidi ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ó fún mi. Nígbà tí mo rí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà, wọ́n tì mí mọ́ inú yàrá onírin, wọ́n fi afẹ́fẹ́ tẹ̀ mí bíi pé mo wà ní mítà 18 lábẹ́ omi, mo sì mí ọ́síjìn fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Ìka méjì ṣì ń kú bí òtútù bá mú.

Ilé iṣẹ́ adójútòfò kò san kọ́bọ̀, nítorí pé mo ti kọjá mítà 40. Ẹ ka ìwé wọn kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí ó bá sì jẹ́ ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lẹ ní, ẹ rántí pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni Guam, erékùṣù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń pààrọ̀ ọkọ̀ òfuurufú lójú ọ̀nà Chuuk. Ẹni tí kò ní físà Amẹ́ríkà kò lè pààrọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀, ẹni tí físà rẹ̀ jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Bí ẹ bá dé Chuuk lọ́jọ́ kan, ẹ má mú ohunkóhun kúrò nínú àwọn ọkọ̀ náà. Òkú àwọn atukọ̀ wà níbẹ̀, àdó olóró sì ṣì wà níbẹ̀.

Ní Palau, ìṣàn omi ni kí ẹ bẹ̀rù. Ní Blue Corner, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń mòòkùn níbẹ̀, ìwọ̀ onírin ni wọ́n máa ń fi kọ́ òkúta láti dúró wo àwọn àkurákudà. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó kí ẹ tó débẹ̀, kí ẹ má sì kọ́ ọ mọ́ iyùn tó wà láàyè. Láti ọdún 2020 ni òfin wọn ti ka àwọn ìpara oòrùn tó ń pa iyùn léèwọ̀. Ẹ fi Jellyfish Lake, adágún àwọn ẹran omi rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní jellyfish, sí ọjọ́ tó kẹ́yìn. Wọn kì í gba sílíńdà afẹ́fẹ́ láàyè nínú adágún náà, orí omi lẹ ó ti máa wò ó, ara yín yóò sì ti rí àyè tu náítírójìn dànù kí ẹ tó wọkọ̀.